Oògùn kajú àti oògùn làpálàpá: ṣé ibì kan náà ni wọ́n ń lù?

ỌmọÌyàmoyè

Ọ̀kun o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo wálé fún ọdún Kérésì, mo bá bàbá mi lọ sóko kajú ní Sátidé torí pé ìyẹ̀fun funfun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo òdòdó kajú, tó bá sì ti bò ó tán, òdòdó yẹn á gbẹ ni, kò ní so. Bí bàbá ṣe ń po oògùn sínú ẹ̀rọ ìfín ni mo gbé ike ẹ̀ wò, mo rí "tebuconazole" lára ẹ̀. A délé nírọ̀lẹ́, àbúrò mi obìnrin ń fi ọ̀rá pa làpálàpá tó wà lọ́rùn ọmọ ẹ̀, mo gba tíúbù yẹn náà kà, "clotrimazole" ló wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo méjèèjì. Báyókẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì, tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì ni mí báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n nínú ìwé pé ẹ́ńsáìmù kan náà ni oògùn méjèèjì ń lọ dì mú, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i kí wọ́n jọ wà nínú ilé kan rí, ọ̀kan fún igi, ọ̀kan fún ọmọ.

CYP51 ni wọ́n ń pe ẹ́ńsáìmù yẹn. Èèyàn ní in, ewúrẹ́ ní in, igi kajú fúnra ẹ̀ ní in, olú inú igbó ní in, ìyẹ̀fun tó ń pa òdòdó kajú náà ní in. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó bá wa ṣe sitẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá tó ń jẹ́ kí awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká dúró dáadáa, kó má rọ̀ jù kó má sì gan. Tiwa ni kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí gbogbo èèyàn ń sá fún, ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ìdílé olú, ìyẹ̀fun òdòdó yẹn àti ohun tó ń fa làpálàpá, ni ergosterol, ti ewéko ni sitosterol àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gba ọwọ́ CYP51 kọjá. Ó ti ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò fi í sílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.

Àgbẹ̀Kàbà

Ọmọ mi, ọ̀kun o, o ṣeun. Mo ní ìbéèrè kan tó ti ń dùn mí láti èṣín. Nígbà tí òjò pọ̀ jù, kòkó mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, o mọ̀ ọ́n, á kọ́kọ́ ní àmì bíi ẹyọ owó, kó tó di ọjọ́ kẹta ìkẹrin gbogbo ẹ̀ ti di dúdú. Ẹnì kan lọ́jà tà oògùn fún mi, orúkọ ẹ̀ parí sí "conazole" bíi tèyí tí o kọ yìí, ó ní gbogbo fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń pa. Mo fín in lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣe nǹkan kan. Mo sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, èmi àti ọmọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́ dòní.

ỌmọÌyàmoyè

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ó ṣeé ṣe kí oògùn yẹn má jẹ́ ayédèrú rárá. Ohun tó ń sọ kòkó di dúdú, Phytophthora lorúkọ ẹ̀, ó jọ fọ́ńgọ́ọ̀sì lójú, ó ń hu bíi ẹ̀, ó ń ba nǹkan jẹ́ bíi ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ìbátan ewéko inú òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Kò ní CYP51, kò lè ṣe sitẹ́rọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, ara kòkó yín ló ti ń jí i mu. Oògùn tí ẹ fín ń wá àgádágodo tí yóò dí, ilé yẹn ò sì ní ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oògùn tí bàbà wà nínú ẹ̀, àwọn aláwọ̀ búlúù yẹn, àti metalaxyl ni wọ́n ń lò fún un, pẹ̀lú kí èèyàn máa já àwọn tó ti dúdú kúrò lóko kíákíá kó sì gé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Àgbẹ̀Kàbà

Haa. Nítorí náà mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ bínú lórí ohun tí kò ṣe. Màá pè é lónìí.

ÌyáÌbejì_Ìsánlú

Ẹ kú àkókò ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, èmi ò ka sáyẹ́ǹsì, aṣọ ni mò ń tà. Kí gan-an ni ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣe? Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọ yín.

ỌmọÌyàmoyè

Màmá, ẹ ronú nípa abà iṣu. Tí iṣu bá gún régé, ẹ lè tò ó kó fara mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n tí iṣu kan bá yọ gúlú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní jókòó, á máa ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àyè á wà láàárín, eku á gbabẹ̀ wọlé. Ohun tí ara wa kọ́kọ́ ń ṣe kó tó di kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ní gúlú bẹ́ẹ̀ lára. Lanosterol ni wọ́n ń pè é, inú ọ̀rá irun àgùntàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá. Gúlú yẹn kéré gan-an, kábọ̀ọ̀nù ẹyọ kan àti háídírójìn mẹ́ta péré, lójú ibi tí wọ́n ń pè ní 14. CYP51 ló ń gé e kúrò.

Kì í gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fi ọwọ́ kàn án, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ń lo ọ́síjìn kan. Àkọ́kọ́ á sọ gúlú yẹn di ọtí, ìkejì á sọ ọ́ di aldehyde, ìkẹta á já a sọnù, ohun tó sì já sọnù yẹn, ásíìdì kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn èèrà pupa tó ń rán ewé kajú pọ̀ kọ́lé máa ń tú sí èèyàn lára. Gbogbo ẹni tó bá ti ka kajú rí ti mọ òórùn ẹ̀.

Irin ló fi ń ṣe é. Irin ẹyọ kan wà láàárín ẹ̀, ó jókòó sínú nǹkan pupa irú èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ọ́síjìn gbọ́dọ̀ di irin yẹn mú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn "conazole" àti clotrimazole ní náítírójìn kan lára tó máa ń lọ jókòó sórí irin náà gan-an, ọ́síjìn dé, kò rí ibi jókòó. Gúlú ò kúrò, iṣu ò tò, awọ sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

ÌyáÌbejì_Ìsánlú

Ó yé mi kedere. Iṣu olórí gúlú! Ẹ ṣeun gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Ẹ ní láti bílíọ̀nù ọdún kò fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé kò yí padà, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ti èèyàn wé ti ewéko tàbí ti bakitéríà lórí kọ̀ǹpútà, amínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n fi kọ́ ẹ́ńsáìmù, tó bára mu láàárín wọn ò ju bíi 22 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti yàtọ̀. Báwo la ṣe máa pe ìyẹn ní ohun tí kò yí padà? Tí mo bá pààrọ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé bàbá mi, ṣé ilé bàbá mi ló ṣì jẹ́?

ỌmọBùnú

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bíi ọmọ aláṣọ. Ìyá ìyá mi hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ìjòyè ní Bùnú. Òfì tó wà lára ògiri ilé ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, igi méjì tó dúró, igi méjì tó dùbúlẹ̀, òwú tó nà gbọọrọ láàárín wọn, apásá tí wọ́n fi ń lù ú mọ́lẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ igi yẹn lọ́pọ̀ ìgbà torí ikán. Òwú tí ìyá ẹ̀ lò, òwú oko ni, èyí tí òun lò, ọjà ni wọ́n ti rà á. Mo sì ti rí òfì obìnrin kan ní ìlú míì, igi tiẹ̀ ò jọ tiwa rárá, ṣùgbọ́n tí ìyá ìyá mi bá jókòó sídìí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ á mọ ibi tó máa gbà. Mi ò mọ̀ bóyá bí ẹ́ńsáìmù ṣe rí nìyẹn, tíṣà ló máa sọ.

ỌmọÌyàmoyè

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, o ṣeun, mi ò bá má rí àpèjúwe tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò Ẹ̀gbẹ̀, ìṣirò ẹ péye, ṣùgbọ́n wo ibi tí ìdá kan tó kù wà. Ẹ́ńsáìmù yìí gùn tó bíi 500 amínò ásíìdì nínú èèyàn, 451 ni ti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nínú gbogbo gígùn yẹn, amínò ásíìdì kan wà, cysteine, tó di irin mú láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ò yí padà níbì kankan. Àwọn díẹ̀ tó yí ojú ibi tí lanosterol ń jókòó ká náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìyókù jẹ́ igi òfì, o lè pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́dún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ rí bí CYP51 ṣe rí lódindi, ti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n lò torí pé ó máa ń yọ́ nínú omi, kò lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì bíi tiwa. Nígbà tí ti èèyàn àti ti fọ́ńgọ́ọ̀sì dé lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ká ara wọn pọ̀, ọ̀kan náà ni.

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí àyípadà kékeré ti ń sọ̀rọ̀ o. Wo kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin irù ń gbé kiri, àti ìbátan ẹ̀ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Trypanosoma cruzi. Ní ojú kan ṣoṣo, ojú 105, ti àìsàn oorun ní amínò ásíìdì tó ń jẹ́ phenylalanine bíi ti ewéko, nítorí náà irú èyí tí ewéko ń gé lòun náà fẹ́ràn láti máa gé. Ti T. cruzi ní isoleucine níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Galina Lepesheva, Michael Waterman àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn nínú ti T. cruzi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan nǹkan bíi ti ewéko. Ẹyọ kan nínú nǹkan bíi 480! Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á mi ò lè sùn. Iṣẹ́ ò yí padà, ohun tó ń wọ ọwọ́ ẹ̀ ló yí díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀gbẹ̀

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ìdá kan tó kù yẹn gan-an ni mi ò wò. Àwọn wo ló wá sọ ọ́ nù yàtọ̀ sí ti kòkó?

ỌmọÌyàmoyè

Gbogbo kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Tata, ikán, oyin, kò sí èyí tó lè ṣe sitẹ́rọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ nínú wọn, ara ohun tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n ti ń rí i. Oyin ń rí tiẹ̀ látinú àtíkè òdòdó, èyí tó bá gbé wá látorí òdòdó kajú yín ló fi ń kọ́ ara ọmọ ẹ̀. Àwọn aràn kéékèèké bíi C. elegans náà kò ní in. Ti ibà pàápàá, Plasmodium, kò ní in, inú ara wa ló ti ń kó ọ̀rá yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun máa fi fluconazole, ọ̀kan nínú àwọn oògùn "conazole" yìí, wo ibà. Ẹni tó bá ti lè máa rí i jẹ lójoojúmọ́ ló ń fi í sílẹ̀, ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe é fúnra ẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀.

BàbáÌsánlú

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé ló dá gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ìyẹn dá mi lójú, mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀, ọmọ mi, bílíọ̀nù ọdún tí o dárúkọ, ta ló kà á? Ọ̀rá kì í bàjẹ́ ni?

ỌmọÌyàmoyè

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ìbéèrè yín dára, ọ̀nà méjì la fi ń mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́, ẹ wo bí a ṣe ń mọ orírun nílé wa. Tí a bá rí oríkì kan náà lẹ́nu ará Kàbà, ará Ìsánlú, ará Mọ́pà, a mọ̀ pé ó ti wà kí wọ́n tó pínyà. Ẹranko, ewéko, fọ́ńgọ́ọ̀sì, àtàwọn abẹ̀mí oní-sẹ́ẹ̀lì kan bíi ti àìsàn oorun, gbogbo wọn ló ní CYP51, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí gbogbo wọn ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá ti ní in nìyẹn, ó sì ti ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ tí ìyẹn ti wà. Ó wà lára bakitéríà mélòó kan pẹ̀lú. Ọ̀kan wà tó ń jẹ gáàsì methane, Methylococcus capsulatus, ó ń ṣe sitẹ́rọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, CYP51 tiẹ̀ sì ti rán olùrànlọ́wọ́ tó ń gbé iná wá fún un mọ́ ìdí ara ẹ̀ pátápátá.

Ìkejì ni àpáta. Bàbá, ọ̀rá ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Tí ẹrẹ̀ bá bò ó nísàlẹ̀ omi tó di àpáta, egungun sitẹ́rọ́ọ̀lù á wà níbẹ̀. Konrad Bloch, ẹni tó gba Nobel lọ́dún 1964 lórí bí ara ṣe ń ṣe kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ti sọ tipẹ́ pé bí ara ṣe ń gé gúlú lọ́kọ̀ọ̀kan lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ayé ṣe kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àwọn ará àtijọ́ kan ti gbé ayé wọn pẹ̀lú èyí tó ṣì ní gúlú lára. Ó kú lọ́dún 2000 láìrí i. Lọ́dún 2023, Jochen Brocks, Benjamin Nettersheim àtàwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí i nínú àpáta tó ti pé bílíọ̀nù ọdún 1.64 ní àríwá Ọsirélíà, sitẹ́rọ́ọ̀lù olórí gúlú, ó pọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó di nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 800 sẹ́yìn ni irú tòde òní wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kí ẹ sì rántí pé iṣẹ́ yìí ń jẹ ọ́síjìn, kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹyọ kan ń gba ọ́síjìn 11, kò lè ṣẹlẹ̀ kí ọ́síjìn tó wà láyé.

BàbáÌsánlú

Ọlọ́run ọba. Ó sọ ọ́, ó kú, àpáta wá jẹ́rìí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́.

ApòògùnMọ́pà

Ẹ jẹ́ kí n wọlé kí ẹnì kan má lọ lo oògùn òdì o, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan lórí káńtà mi. Kì í ṣe gbogbo oògùn tí orúkọ ẹ̀ parí sí "azole" ló ń bá CYP51 jà. Metronidazole tí a ń lò fún inú rírun kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, albendazole oògùn aràn kì í ṣe ara wọn, omeprazole oògùn ọgbẹ́ inú kì í ṣe ara wọn. Nínú oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì pàápàá, terbinafine ń bá ẹ́ńsáìmù míì jà, èyí tó ṣáájú CYP51 lójú ọ̀nà, nystatin ń di ergosterol fúnra ẹ̀ mú, griseofulvin yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni tíúbù tí wọ́n po clotrimazole mọ́ sitẹ́rọ́ìdì àti oògùn bakitéríà. Ọjọ́ kejì ìyún á lọ, pupa á lọ, ìyá á ní ó ti san, a dáwọ́ dúró. Sitẹ́rọ́ìdì yẹn kàn pa ẹnu ara mọ́ ni, làpálàpá ń rìn lábẹ́ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá, ọdún méje, òrùka tó yẹ kó wà lápá ti fẹ́ dé àyà, etí òrùka náà ò hàn mọ́, awọ ti tinrín bíi ti àlùbọ́sà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń pa á.

ÌyáÌbejì_Ìsánlú

Jésù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀kan nínú ìbejì mi ní i lórí, irun ti ń já níbẹ̀, mo ti ń fi clotrimazole nìkan pa á, kò lọ. Àti pé àǹtí mi wà nínú oyún, wọ́n ní kó lo fluconazole, ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo kà pé ẹ́ńsáìmù yẹn wà lára tiwa náà.

ApòògùnMọ́pà

Màmá, ti orí, ọ̀rá kì í dé ìdí irun, ó gba oògùn mímu, griseofulvin tàbí terbinafine, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ gbé e lọ rí dókítà kí wọ́n wọn ọmọ náà kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ti àǹtí yín, ẹ̀rù yín ní ìdí. Wọ́n wá àwọn oògùn wọ̀nyí kó lè di ti fọ́ńgọ́ọ̀sì mú ju tiwa lọ, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ìgbàlà wa, ṣùgbọ́n kò tóbi bákan náà nínú gbogbo wọn. Lọ́dún 2011 àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí aláboyún má máa lo fluconazole 400 sí 800 míligíráàmù lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, torí àbùkù egungun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ kan. Kápúsù 150 ẹyọ kan kọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, síbẹ̀ kó má fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e mì, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú oyún ẹ̀. Ketoconazole oníhóró náà, lọ́dún 2013 ni wọ́n dín in kù gan-an torí ẹ̀dọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni ti oko àti ilé tí ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lù, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ lóko, ṣé kò ní yẹ̀ ẹ́ lára èèyàn?

ỌmọÌyàmoyè

Ó ti ṣẹlẹ̀, àbúrò, ìdí tí mo fi la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyẹn. Aspergillus fumigatus, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nínú ewé jíjẹrà, èèyàn ń fà á símú lójoojúmọ́, ẹni tí ara ẹ̀ bá sì ti rẹ̀wẹ̀sì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń hù sí. Ní Netherlands wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú èyí tí oògùn ò ràn, nínú àwọn tí kò tíì lo oògùn náà rí láyé wọn. Nígbà tí wọ́n wò ó, ojú 98 nínú CYP51 ẹ̀ ti yí, ohun tó sì ń pàṣẹ fún jíìnì tó ń darí ṣíṣe ẹ́ńsáìmù yẹn ti di méjì, ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn oko ni wọ́n gbà pé ó kọ́ ọ. Candida, fọ́ńgọ́ọ̀sì míì tó ń ṣe èèyàn, náà máa ń yí ojú 132 padà. Kò lè yí irin, kò lè yí cysteine, ó máa kú ni, nítorí náà etí ilẹ̀kùn ló ń gbẹ́ kí oògùn má lè jókòó dáadáa, kí lanosterol ṣì máa wọlé.

Nítorí náà tí a bá ń fín in nígbà tí kò pọn dandan, tí a sì ń pa á sára ọmọ fún ọjọ́ méjì péré, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí a ní là ń bàjẹ́ níhà méjèèjì. Mo bẹ̀ yín.

Àgbẹ̀Kàbà

Mo ti wọ inú yàrá tí mo ń kó oògùn oko sí bí mo ṣe ka èyí tán. Ike mẹ́rin ni mo bá. Pupa kan, àwọ̀ ewé méjì, funfun kan. Mo ní kí ọmọ mi bá mi ka ara wọn: tebuconazole, propiconazole, difenoconazole, tebuconazole. Ọdọọdún ni mo ń pààrọ̀ ike, mo rò pé oògùn ni mò ń pààrọ̀.

Kí ni mo máa wá fín sí kajú?

ỌmọÌyàmoyè

Ẹ má da wọ́n nù bàbá, ẹ kàn má jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn nìkan. Ní Tanzania níbi tí ìyẹ̀fun kajú ti ń yọ wọ́n lẹ́nu gan-an, imí ọjọ́ lílọ̀ ni wọ́n máa ń fọ́n sí i, ní òwúrọ̀ kùtù kí afẹ́fẹ́ tó dìde, nígbà tí ìrì ṣì wà lára òdòdó. Ọ̀nà tó ń gbà pa á ò bá ti CYP51 tan. Kí ẹ fi nǹkan bo imú o.

Àgbẹ̀Kàbà

Imí ọjọ́ kẹ̀? Èyí tí màmá wa máa ń pò mọ́ àdín, tí wọ́n fi ń pa wá lára tí ara bá ń yún wa? Àwọn àgbà obìnrin ṣì ń tà á nínú ọjà wa níbí. Màá lọ bá wọn lọ́la, màá béèrè iye kílò kan, màá wá sọ fún yín.